Okùn Tó Ń Bu Ẹsẹ̀ Tí Kò Wọ Bàtà Jẹ

Bí ẹ bá pàdé Halyna Woroniuk ní ìlú wa, Zoria, tí ẹ sì bi í léèrè ẹni tó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ sàn, ìdáhùn kan ṣoṣo ló ní: "Dókítà Thiessen ló wo ẹsẹ̀. Ọmọ tó wà ní ìsọ̀ yẹn ló wo bàtà."

Èmi ni ọmọ tó wà ní ìsọ̀. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógún ni mí. Dókítà Bàtà ni gbogbo pápá yìnyín ń pè mí, láti orí àwọn ọmọdé tí wọn ò tíì mọ okùn bàtà í so títí dé orí àwọn àgbàlagbà tí eyín iwájú wọn ti bá họ́kì orí yìnyín lọ. Nígbà kan, orúkọ yẹn a máa wú mi lórí. Ní báyìí, tí wọ́n bá fi pè mí, ilẹ̀ ni mo máa ń wò.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú èèyàn tí Halyna jẹ́, kí n tó wá sọ irú òmùgọ̀ tí èmi jẹ́.

Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì ni, òun ló sì ń ṣe yìnyín pápá ìlú wa, tó ń da omi kí ẹ̀rọ lè mú un dì. Metro, bàbá rẹ̀, ló ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Metro kú, kò sí ẹni tó béèrè ẹni tí yóò gbà á. Halyna kàn gbé kọ́kọ́rọ́ kúrò lórí ìṣó, ó sì lọ tan ẹ̀rọ. Ó sanra níwọ̀nba, ohùn rẹ̀ sì ki bí ohùn ọkùnrin. Tó bá jókòó sórí ọkọ̀ ńlá tó fi ń dán ojú yìnyín, kò ní wo ẹnikẹ́ni, àní bí ẹ bá ń juwọ́ sí i. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń ti ìlú mìíràn wá bá wa gbá họ́kì a máa sọ pé yìnyín Zoria kì í purọ́.

Àṣà kan wà nílé wa. Ní oṣù kẹwàá, tí yìnyín tuntun bá ti dì tán, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ títí ẹni tó ṣe é yóò fi yí i po lẹ́ẹ̀kan, òun nìkan, láìsí orin, láìsí ariwo. Halyna á máa lọ díẹ̀díẹ̀, á tẹrí ba. Tó bá dé ibi tí yìnyín ti tín-ín-rín jù, á dúró. Mo ti bi í rí pé báwo ló ṣe ń mọ̀ ọ́n.

"Ẹsẹ̀ ni mo fi ń gbọ́ ọ," ló wí. "Etí kò wúlò níbẹ̀. Etí bàbá mi méjèèjì di nígbẹ̀yìn, wọn ò sì ṣì igun kan mọ̀ rí."

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn. Ẹsẹ̀ obìnrin yìí ni etí rẹ̀. Ẹsẹ̀ yẹn gan-an, ti ọ̀tún, ni wàhálà dé bá.

Èmi ńkọ́? Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì gbé màmá mi dé Zoria. Kí yìnyín ọdún àkọ́kọ́ tó yọ́, mo ti mọ ọ̀nà mẹ́rin tí èèyàn lè gbà ṣubú lórí rẹ̀. Ìdúró ni mi ò tíì mọ̀ dáadáa títí dòní, ìyẹn ló jẹ́ kí n yan iṣẹ́ tí wọ́n ń jókòó ṣe. Mo ń pọ́n irin abẹ́ bàtà yìnyín, mo sì ń tún bàtà tó bá ń ni ẹsẹ̀ lára ṣe. Inú fídíò orí fóònù ni mo ti kọ́ gbogbo rẹ̀. Kò sí ọ̀gá kankan tó kọ́ mi. Mo máa ń fi ìyẹn yangàn, títí mo fi rí i pé ó hàn.

Ní oṣù kọkànlá ọdún tó kọjá, Halyna tiro wọ ìsọ̀ mi.

"Dókítà Bàtà, okùn ti bù mí jẹ."

"Níbo, Àǹtí Halyna?"

Ó fi ìka tọ́ iwájú ọrùn ẹsẹ̀, ibi tí ahọ́n bàtà ti máa ń tẹ̀ kọ́rọ́. Inú mi dùn débi pé ojú ń tì mí láti sọ ọ́. Kò sí ẹni tó ń gbá họ́kì tí kò mọ àrùn yìí: okùn bàtà tí wọ́n fún jù á máa tẹ iṣan iwájú ẹsẹ̀ títí yóò fi wú. Gbogbo wa la ti ṣe é rí. Bí ẹ bá sọ fún ará Zoria pé ibẹ̀ yẹn ń dùn yín, kò ní wo ẹsẹ̀ yín. Bàtà yín ni yóò gbà wò.

Èmi náà gba bàtà. Mo tú okùn rẹ̀, mo fo ihò kan nígbà tí mo tún un so, mo sì fi kànrìnkàn rírọ̀ kan sábẹ́ ahọ́n. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó padà wá.

"Báwo ni?"

"Ó sàn díẹ̀," ló wí.

Mo kọ ọ́ sínú ìwé: ó sàn. Ní oṣù kejìlá, kókó kékeré kan ti hàn lórí ọrùn ẹsẹ̀ náà, bí ìdajì ẹ̀pà. Ẹlòmíràn ì bá bẹ̀rù. Èmi, mo sáré lọ yan bàtà nínú ààrò kó lè rọ̀, mo fi irin tì í síta láti inú, mo ṣe ihò róbótó kan fún kókó yẹn láti máa gbé. Ihò náà rẹwà. Mo ya fọ́tò rẹ̀ ní ọ̀nà márùn-ún, mo fi ránṣẹ́ sí àwọn tí a jọ ń sọ̀rọ̀ bàtà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọkùnrin kan láti Finland sì fi àwòrán ọwọ́ méjì tó ń pàtẹ́wọ́ dá mi lóhùn. Mi ò sùn dáadáa lọ́jọ́ yẹn, ayọ̀ ni.

"Báwo ni?"

"Ó sàn díẹ̀."

Ní oṣù kejì, mo pààrọ̀ ahọ́n bàtà. Ó sàn díẹ̀. Ní oṣù kẹta, mo tún ihò fẹ̀. Ó sàn díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo wo bàtà yẹn sàn. Ohun tí mi ò mọ̀ ni ohun tó ń jẹ́ kó sàn díẹ̀ gan-an. Kò sí ìkankan nínú rẹ̀ tó kan èmi.

Ọjọ́ Àjíǹde ni àṣírí tú, nílé Bábà.

Bábà tí mo ń wí yìí, ẹ jọ̀wọ́, obìnrin ni. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Ukraine tó tẹ ìlú wa dó ṣe ń pe ìyá àgbà. Ọdún kan gbáko ni màmá mi fi ń retí kí bàbá tí gbogbo ìlú ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde láti inú yàrá. Bábà Paraska ni wọ́n ń jẹ́, ìyá Metro ni wọ́n, Halyna sì ń gbé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún ni wọ́n. Wọn ò wọ bàtà yìnyín rí láyé wọn. Wọ́n ní àwọn ní iṣẹ́ gidi tí àwọn ń ṣe.

A jókòó ti oúnjẹ. Bábà gbé ìgò oògùn ọkàn wọn kalẹ̀ láàárín tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ búrẹ́dì Àjíǹde.

"Eku kan wà nínú ilé yìí tí àìsàn ọkàn ń ṣe," wọ́n ní. "Oògùn tó yẹ kó gbé mi dé oṣù kẹfà ti ku ìsàlẹ̀ ìgò."

Halyna ń wo àwo rẹ̀ bí ẹni tó ń ka ìwé.

"Halynka," Bábà fi orúkọ ìkẹ́ rẹ̀ pè é.

"Èmi ni, Bábà. Ásípírìn lásán kúkú ni. Ẹsẹ̀ mi ni."

"Ẹsẹ̀ wo? Èyí tí Dókítà Bàtà ti wò sàn lẹ́ẹ̀mẹrin?"

Mo ní, "Bábà, okùn ló bù wọ́n jẹ. Ó máa ń pẹ́ kó tó tán."

Bábà ò tilẹ̀ wojú mi, Halyna ni wọ́n bi. "Ìgbà wo ló ń dùn ọ́ jù?"

"Tí mo bá ti dùbúlẹ̀. Tí mo bá lo mẹ́rin nínú oògùn yín, kó tó tó ìdajì wákàtí, ó ti dákẹ́ pátá. Tó bá di ọjọ́ kejì, á tún padà."

"Ṣé bàtà lo ń wọ̀ sùn ni?"

"Rárá o, Bábà."

"Yìnyín ti yọ́ láti oṣù tó kọjá. Bàtà rẹ wà lórí ìṣó ní ìsọ̀ ọmọ yìí. Ó dáa. Ẹ̀yin tí ẹ mọ họ́kì, ẹ wá ṣàlàyé fún èmi tí mi ò mọ̀ ọ́n: okùn wo ló ń bu ẹsẹ̀ tí kò wọ bàtà jẹ?"

Pírọ́gì kan, oúnjẹ ìyẹ̀fun wọn, wà lẹ́nu mi, ọ̀dùnkún inú rẹ̀ gbóná, mi ò lè gbé e mì, mi ò sì lè tu ú. Oṣù márùn-ún. Gbogbo ọlọ́gbọ́n pápá yìnyín, gbogbo ẹni tó ti gbá họ́kì fún ogójì ọdún, gbogbo wa la ti wo bàtà yẹn, a yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún. Ẹni tí kò wọ̀ ọ́ rí ló rántí pé ẹsẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rù ti bẹ̀rẹ̀ sí í ba Halyna. Wọ́n ya àwòrán egungun ẹsẹ̀ náà ní ilé ìwòsàn ìlú wa, wọ́n ní àwọn ò rí ibi tó ṣẹ́, àwọn ò rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n kó lọ rí dókítà egungun ní ìlú ńlá. Ó wá bá mi ní ìsọ̀ lọ́jọ́ kejì, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ìwọ tó o máa ń kàwé lórí fóònù. Ṣé jẹjẹrẹ ni?"

Èèyàn gidi á ní, "Mi ò mọ̀, Àǹtí, màá bá yín lọ." Èmi ti kàwé di ọ̀gànjọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, orí mi ti kún. Mo ní ó lè jẹ́ ọ̀kan nínú nǹkan mẹ́sàn-án, pé mẹ́ta péré ló burú nínú wọn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà sí i létí.

"Pa ẹnu rẹ dé," Halyna wí jẹ́jẹ́. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. "Bí wọ́n bá gé e ńkọ́? Bí wọn ò bá gé e, tí ó kàn di igi sí mi lábẹ́? Ẹ̀rọ ni wọ́n máa ń fi wọn yìnyín ní ìlú ńlá. Bí ẹsẹ̀ yìí kò bá gbọ́ mọ́, kí ni mo wúlò fún lórí yìnyín? Kí n máa wa ọkọ̀ yí po?"

Mo ti fóònù mi bọ inú àpótí. Ó ṣọ̀wọ́n, ẹ bi màmá mi.

Èmi ni mo fi ọkọ̀ gbé e lọ sí ìlú ńlá ní oṣù kẹfà. Ọ̀nà wákàtí mẹ́ta. Mo gbé bàtà náà dání nínú báàgì. Halyna bi mí ohun tí mo fẹ́ fi ṣe.

"Ẹ̀rí ni," mo wí.

"Ẹ̀rí ta ni? Ṣé ilé ẹjọ́ là ń lọ?"

Dókítà Imogen Thiessen ga, ọwọ́ rẹ̀ tóbi, kò sì yára sọ̀rọ̀. Ó fi ìka tẹ kókó yẹn, Halyna fà sẹ́yìn. Ó béèrè ìgbà tó ń dùn jù. Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun tó ń jẹ́ kó dákẹ́.

Halyna wo ilẹ̀. "Oògùn ọkàn ìyá bàbá mi. Mo máa ń jí i jẹ. Ásípírìn."

"Ó máa ń dákẹ́ díẹ̀, àbí ó máa ń dákẹ́ pátá?"

"Pátápátá. Bí ẹni pa iná."

Dókítà gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. "Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ yẹn ju àwòrán tí ẹ gbé wá lọ," ló wí. "Ẹ lọ ya síkáànù, kí ẹ padà wá."

Nígbà tí a padà wọlé, àwòrán náà wà lójú kọ̀ǹpútà. Egungun kan wà láàárín ọrùn ẹsẹ̀ tí gbogbo ìwúwo ara máa ń gbà kọjá. Ní ọrùn egungun yẹn, lókè níbẹ̀, ihò dúdú róbótó kan wà, kò ju kóró ẹ̀gúsí lọ, ojú funfun kan sì wà láàárín rẹ̀ tó ń wò wá. Inú mi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Mo ti rí irú àwòrán yẹn lórí fóònù mi. Nǹkan kẹfà nínú mẹ́sàn-án ni. Mo la ẹnu. Halyna tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ tó yè tẹ̀ mí.

"Kókó inú egungun ni," Dókítà wí. "Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Kì í rìn lọ síbòmíràn, kì í di jẹjẹrẹ lọ́la. Ó ṣọ̀wọ́n, níbi tó sì jókòó sí yìí, ó tún ṣọ̀wọ́n sí i. Ẹ rí i, ó dà bí ọmọ ọwọ́ tó ń ké nínú ọkọ̀. Kò lè pa ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò ní sùn. Ásípírìn ló mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún."

Halyna mí, mímí tó gùn, bí ìgbà tí wọ́n bá tú afẹ́fẹ́ táyà.

Dókítà ní wọ́n lè fi abẹ́rẹ́ gbígbóná jó irú kókó bẹ́ẹ̀ láti ìta, ṣùgbọ́n èyí sún mọ́ oríkèé jù, iṣan ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ìmọ̀lára sì gba orí rẹ̀ kọjá. Ó ní òun á kúkú là á, kí òun fi ojú rí ohun tí òun ń ṣe. Bí òun bá gbẹ́ ẹ kù, yóò padà. Bí òun bá gbẹ́ ẹ jù, egungun lè ṣẹ́.

"Ṣé ẹsẹ̀ yìí á tún gbọ́?" Halyna béèrè.

"Kó gbọ́ kí ni?"

Ibẹ̀ ni mo ti fa bàtà yọ. Mo ṣàlàyé yìnyín, Metro, oṣù kẹwàá, yíyí po lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, bí mo ṣe rí, mo tún ṣàlàyé ihò tí mo ṣe. Dókítà gba bàtà lọ́wọ́ mi. Ó tì í síbi ìmọ́lẹ̀.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni, mà."

"Iṣẹ́ tó mọ́ ni. Èmi náà ń gbá họ́kì ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun." Ó dá a padà fún mi. "Bí wọ́n bá mú ẹsẹ̀ yẹn wá bá mi ní yàrá ìmúra wa, okùn bàtà ni èmi náà máa kọ́kọ́ bú." Ó yíjú sí Halyna. "Mi ò lè ṣèlérí pé ẹ ó gbọ́ yìnyín. Mi ò kọ́ ìyẹn níléèwé. Ohun tí mo lè sọ ni pé, tí mo bá yọ ọ́ tán, ariwo yẹn á dákẹ́. Bóyá ẹsẹ̀ tí kò sí ariwo nínú rẹ̀ á gbọ́ràn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

Oṣù keje ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Èmi àti Bábà la jókòó níta. Bábà gbé pírọ́gì dání nínú ike ńlá, wọ́n ń fún gbogbo ẹni tó bá kọjá, títí dé orí ọkùnrin tó ń nu ilẹ̀. Wọn ò fún mi.

"Ìwọ ti jẹun," wọ́n ní. "Oṣù márùn-ún lo fi jẹ ìyìn Dókítà Bàtà."

Dókítà jáde lẹ́yìn wákàtí kan ààbọ̀, ó sì sọ ọ́ fún wa. Ó la iwájú ọrùn ẹsẹ̀, kò gùn ju ìka kan lọ. Ó rọra sún iṣan sẹ́gbẹ̀ẹ́. Egungun líle kan ti hù bo kókó náà, ó sì ha á kúrò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ẹni ń ha ojú yìnyín, títí àmì pupa kan fi yọ. Ó fi ṣíbí kékeré bù ú, ó ha ìdí rẹ̀ mọ́, ó sì fi ohun tó yọ ránṣẹ́ sí àwọn tó ń fi awò wo nǹkan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, èsì wọn dé: ohun tó pè é náà ni.

Lọ́jọ́ kejì a bá Halyna lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí ìrọ̀rí, ojú rẹ̀ ṣe bákan.

"Ṣé ó ń dùn ọ́?" Bábà béèrè.

"Ibi tí wọ́n gé ń dùn mí." Ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ẹni tó ń fetí sí yàrá kejì. "Ìyẹn ọ̀hún ti lọ. Bábà, ó ti lọ. Mo ti gbàgbé bí ó ṣe máa ń rí."

Bábà yọ ìgò oògùn ọkàn wọn nínú báàgì, wọ́n mì ín lójú rẹ̀, wọ́n sì dá a padà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni kò fi ẹsẹ̀ náà kanlẹ̀. Ọ̀pá abẹ́ abíyá méjì ló fi ń rìn. Nígbà tí àkókò àtiṣe yìnyín dé ní oṣù kẹsàn-án, orí àga ló ti ń darí wa, èmi sì ni mo ń di rọ́bà omi mú. Ohun tó ń sọ sí mi lákòókò yẹn, mi ò lè kọ ọ́ síbí, torí màmá mi á kà á.

Ní oṣù kẹwàá, Dókítà ní egungun ti kún, kó wọ bàtà yìnyín, kó rọra. Mo pọ́n irin bàtà náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ìlú kóra jọ sẹ́yìn ògiri gíláàsì, kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sókè. Mo kúnlẹ̀ níwájú Halyna, mo so okùn fún un. Ó dìde. Ó mi ẹsẹ̀. Ó tún un mì.

"Dókítà Bàtà."

"Àǹtí."

"Ẹsẹ̀ mi ń jó ijó nínú bàtà yìí. Ihò tó o gbẹ́ fún kókó ṣì wà níbẹ̀. Ayálégbé ti kó lọ, ilé ṣì wà."

Òógùn bò mí nínú òtútù. Àkókò kò sí láti yan bàtà nínú ààrò. Mo ń tú àpótí, mo ń ju nǹkan síhìn-ín sọ́hùn-ún, títí mo fi kan kànrìnkàn rírọ̀ oṣù kọkànlá, èyí tí mo kọ́kọ́ fi wo bàtà sàn. Mo tẹ̀ ẹ́ sínú ihò náà. Ó bá a mu rẹ́gí. Ọdún kan ni oògùn mi fi ṣíwájú àìsàn rẹ̀.

Halyna bọ́ sórí yìnyín. Ó tẹrí ba, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ó gba iwájú wa kọjá, kò dúró. Ó yí igun àkọ́kọ́, kò dúró. Ó yí ìkejì. Bábà di apá mi mú, èékánná wọn wọ̀ mí lára. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ yí i po tán, kò dúró níbì kankan rí, mo sì ń rò ó nínú ara mi pé yìnyín kan kì í ṣe déédé tó bẹ́ẹ̀, pàápàá èyí tí èmi di rọ́bà omi rẹ̀ mú. Ẹsẹ̀ yẹn ti di adití.

Ní igun àríwá, ó dúró. Ó sún padà díẹ̀. Ó tún gba ibẹ̀ kọjá, ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá bá wa níbi ẹnu ọ̀nà, imú rẹ̀ pọ́n, ojú rẹ̀ sì ń tàn.

"Korobá méjì," ló wí. "Igun àríwá. Níbi tí ìwọ ti ń dáhùn fóònù."

Mo gbé korobá. Ṣùgbọ́n mi ò gbà á gbọ́ lásán. Mo ti jẹ́ òmùgọ̀ tó báyìí, mo fẹ́ rí i dájú. Kí n tó da omi, mo fi irin dá ihò sí yìnyín ibẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo wọ̀n ọ́n. Ó fi ìdajì ínǹṣì tín-ín-rín ju ibi yòókù lọ. Mo tún wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni.

Bí mo ṣe gbójú sókè, Bábà ti tẹ̀ lé mi dé etí pápá, wọ́n fara ti pákó, wọ́n ń wo irin ọwọ́ mi.

"Kí lo rí, Dókítà?" wọ́n ní. "Ṣé okùn ló bù ú jẹ?"